Sọgúndogójì Kì í Ṣe Subprime: Ìtàn Àwọn Orúkọ tí a fi ń Pe Owó-Yíyá Eléwu, láti Ilẹ̀ Yorùbá Àtijọ́ dé Sábó ní Yaba

1. Ìfáárà

Ẹgbẹ́ American Dialect Society, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè ní Amẹ́ríkà, yan subprime gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọdún 2007. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ènìyàn ń kọ ní Èkó. Ó wà nínú ìwé ìròyìn, ó wà nínú ìwé àbọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́, ó sì wà nínú iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ẹnì kan ti ń lò ó fún èlé tí ó ga jù ni ẹlòmíràn ń lò ó fún gbèsè tí a kò san, tí ẹnì kẹta sì ń lò ó fún jìbìtì gbáà. Nígbà tí irú àwọn òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ bá sì fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ni ó máa ń yá wọn lẹ́nu jù lọ: sọgúndogójì.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba, àti pé àìdọ́gba wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ olùkọ́ gírámà nìkan. Ìwà ayánilówó ni sọgúndogójì ń sọ. Ipò ayáwó ni subprime ń sọ. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ti gbé ẹ̀bi kúrò ní orí ẹnì kan lọ sí orí ẹlòmíràn, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Nínú ìtàn kíkọ, níbi tí a ti ń wádìí ẹni tí ó ru ewu àti ẹni tí ó jẹ èrè, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò kéré.

Sábó tí ó wà ní Yaba, lójú ọ̀nà Herbert Macaulay, ni a fi ṣe ojú àpẹẹrẹ. Láti inú èdè Haúsá ni orúkọ ibẹ̀ ti wá, níbi tí sabo ti túmọ̀ sí tuntun. Tuntun náà ni gbogbo agbègbè ọ̀hún jẹ́ nígbà tí ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn eku tàn kálẹ̀ ní Erékùṣù Èkó láti 1924, tí ìgbìmọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí la ojú ilẹ̀ Yaba fún ilé gbígbé. Akọ̀wé ìjọba, òṣìṣẹ́ rélùwéè láti Ẹ̀bùtẹ́-Mẹ́ta, olùkọ́, ìyálọ́jà, àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n kún ibẹ̀. Àwọn ni ẹni tí ń gba owó lẹ́ẹ̀kan lóṣù tí ó sì ń ná an lójoojúmọ́, àwọn sì ni ayánilówó ń wá.

2. Ohun tí subprime jẹ́ gan-an

Kí a tó lè mọ ohun tí ó wà ní abẹ́ prime, a ní láti mọ prime fúnra rẹ̀. Ní báńkì Amẹ́ríkà, prime ni iye èlé tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà tí ó fọkàn tán jù lọ. Nígbà tí àwọn oníròyìn ọrọ̀-ajé kọ́kọ́ ń lo subprime ní àwọn ọdún 1970, èlé tí ó kéré ju èyí lọ ni wọ́n ń fi í pè. Oríire ayáwó ni nígbà náà, nítorí owó pọ́ọ́kú ni. Ní àwọn ọdún 1990 ni ọ̀rọ̀ náà yí padà pátápátá: èlé kọ́ ni ó wà lábẹ́ mọ́, ènìyàn ni. Ayáwó tí ìwé àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀ kò dára tó ni ó di subprime, èlé tirẹ̀ sì ga ju ti prime lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀rọ̀ kan yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà sí òdìkejì láàárín ogún ọdún báyìí.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2001, àwọn aláṣẹ tí ń bójú tó báńkì ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde lórí irú ẹ̀yáwó yìí. Lára àmì tí wọ́n ní kí a fi dá ayáwó subprime mọ̀ ni kí ó ti pẹ́ san gbèsè lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí ó ti wọ gbèsè tó bẹ́ẹ̀ tí kóòtù fi dá sí i, tàbí kí máàkì FICO rẹ̀ jẹ́ 660 tàbí kí ó dín. Ẹ ṣàkíyèsí pé iye èlé kọ́ ni a fi dá a mọ̀. Àtubọ̀tán èyí kì í ṣe ohun àjèjì: ilé-iṣẹ́ New Century Financial kéde ní oṣù kẹrin 2007 pé òun kò lè san gbèsè mọ́, Lehman Brothers sì wó ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 2008.

Ohun mẹ́ta ni ó tẹ̀lé èyí fún ẹni tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni subprime: ó ń yán ẹ̀yáwó tàbí ayáwó, kì í dá dúró gẹ́gẹ́ bí orúkọ gbèsè tí a kò san. Èkejì ni pé ẹ̀yáwó lè jẹ́ subprime kí a sì san án tán láìku kọ́bọ̀. Ewu ni ó sọ, kò sọ pé ewu náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó kan òpìtàn jù, ni pé kò lè sí abẹ́ òṣùwọ̀n níbi tí òṣùwọ̀n kò bá sí. Ní Nàìjíríà, ẹ̀yìn 2008 ni àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ń ṣe àkójọ ìtàn gbèsè àwọn ènìyàn tó fìdí múlẹ̀, 2017 sì ni òfin tí ó dá lórí iṣẹ́ wọn, Credit Reporting Act, jáde. Òpìtàn tí ó bá wá pe akọ̀wé Yaba ti 1938 ní ayáwó subprime ti wọ akọ̀wé náà ní aṣọ tí a kò tíì hun.

Nínú Yorùbá, ẹ̀yáwó abẹ́-òṣùwọ̀n yóò jẹ́ orúkọ tí ó tọ́, bí a bá fi í mọ sí ibi tí òṣùwọ̀n kíkọsílẹ̀ wà.

3. Àwọn orúkọ tí Yorùbá ti ní

Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe owó-yíyá rí. Ìyàtọ̀ wà láàárín yá àti wín nínú èdè tí ó jinlẹ̀: ohun tí a óò dá padà gan-an, bí àdá tàbí aṣọ, ni a ń yá, ohun tí a óò ná tàbí jẹ tí a óò sì fi irú rẹ̀ dípò, bí iyọ̀, àgbàdo tàbí owó, ni a ń wín. Láti ara wín ni àwìn ti jáde, tí a fi ń sọ pé ẹnì kan ra ọjà láìsanwó. Lóde òní yá ti gba iṣẹ́ wín ní Èkó, ṣùgbọ́n àwìn kò kú. Kò sí ìsọ̀ kan ní ọjà Sábó tí ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí.

Ní ti ìdánilójú, ìwọ̀fà ni ètò tí ó lókìkí jù. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ya apá kan sọ́tọ̀ fún un. Ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ fún olówó, iṣẹ́ náà sì ni èlé. Ojú owó kò dín títí a ó fi san án lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi yìí, ewu olówó kò pọ̀, nítorí ara ènìyàn ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ẹni tí a fi ṣe ìwọ̀fà, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọmọ tàbí àbúrò, ni gbogbo ìnira wà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ni ó jẹ gbèsè.

Johnson tún sọ̀rọ̀ nípa àwọn ológò, àwọn tí olówó ń rán lọ dógò ti ajigbèsè. Ológò yóò wọ agbo ilé, yóò jókòó, yóò máa jẹ, yóò máa mu, yóò máa pariwo, títí ìtìjú àti ìyọnu yóò fi mú kí àwọn ẹbí dá owó jọ. Ó yẹ kí a fi ojú inú wo bí Yorùbá ti ń sọ ìdógò fún ohun tí a fi ṣe ìdánilójú gbèsè, tí wọ́n sì ń sọ dógò ti fún ìjókòó ti ajigbèsè. Nínú èrò tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ méjèèjì, àlàáfíà ilé ajigbèsè náà jẹ́ ohun ìdúró. Ètò mìíràn tún wà tí a ń pè ní èmú, tí a fi lè mú ará ìlú ajigbèsè, tí kò mọ nǹkan kan nípa owó náà, títí ìlú rẹ̀ yóò fi mú ajigbèsè sanwó.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí ká ìwọ̀fà lọ́wọ́ kò, owó èlé gbígbà gba ipò rẹ̀. Àsìkò yìí ni òṣómàáló gbilẹ̀. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, tí wọ́n ń ru aṣọ òyìnbó kiri abúlé, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń padà wá gba owó wọn díẹ̀díẹ̀. J.D.Y. Peel sọ̀rọ̀ wọn nínú ìwé tí ó kọ lórí Ìjẹ̀ṣà ní 1983. Orúkọ náà wá láti inú ìhàlẹ̀ wọn, pé òṣó ni àwọn yóò máa ló ní iwájú ilé onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ajá kì í gbó fún wọn mọ́ ní abúlé kan ni àwọn àgbà máa ń fi ṣe àwàdà, nítorí ajá ti mọ̀ wọ́n.

Bí a bá wo òṣómàáló dáadáa, òun ni ó sún mọ́ subprime jù nínú gbogbo wọn. Àgbẹ̀ tí kò ní owó lọ́wọ́, tí kò sí báńkì kan tí ó lè dá a lóhùn, tí owó rẹ̀ kò wọlé àfi ní ìgbà kòkó, ni ó ń tà fún. Ewu gidi ni. Ṣùgbọ́n kò gba èlé kankan tí ojú lè rí: inú iye aṣọ ni ó fi èlé pamọ́ sí, tí iye àwìn fi ju iye owó ọwọ́ lọ.

4. Sọgúndogójì àti akọ̀wé Yaba

Sọgúndogójì kò fara pamọ́ ní tirẹ̀. Sọ ogún di ogójì: ohun tí a yá di ìlọ́po méjì. Òórùn owó ẹyọ ṣì wà lára ọ̀rọ̀ náà, nítorí ogójì owó ẹyọ ni okùn kan, ogún sì jẹ́ ìlàjì okùn. Kò sọ irú ẹni tí ó yáwó. Kò sọ bí ewu ti pọ̀ tó. Kò tilẹ̀ sọ iye ọjọ́ tí ogún fi di ogójì, àbùkù tí ó sì ṣe pàtàkì nìyí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá dé iwájú òfin, nítorí ọdún ni òfin fi ń ka èlé. Òfin àwọn ayánilówó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927 ka èlé tí ó bá kọjá ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún sí èyí tí ó pọ̀ jù, àfi bí ayánilówó bá lè fi ìdí òdìkejì múlẹ̀. Ìdá mẹ́rin lóṣù ni èyí. Nígbà tí Nàìjíríà gbé irú òfin yìí kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930, ó béèrè kí ayánilówó ní ìwé àṣẹ, kí àdéhùn sì wà lákọsílẹ̀ tí ayáwó fọwọ́ sí. Ìwé kíkọ ni òfin fi wọ inú ọ̀rọ̀ tí ó ti jẹ́ ti ẹnu.

Àwọn báńkì ńkọ́? Bank of British West Africa ti wà ní Èkó láti 1894, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí jù. National Bank of Nigeria bẹ̀rẹ̀ ní 1933, Agbonmagbe Bank sì tẹ̀lé e ní 1945. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn báńkì kéékèèké tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́yìn ogun ni ó wó ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òfin báńkì ti 1952. Akọ̀wé tí ó nílò pọ́ùn márùn-ún fún ìsìnkú bàbá rẹ̀ kò lè dúró de báńkì. Bẹ́ẹ̀ ni àjọ kò lè gbà á. Alájọ a máa pa owó mọ́ fún ni; alájọ Ṣómólú tí òwe fi ń yin ọpọlọ rẹ̀ pé kò kọ orúkọ sílẹ̀ tí kò sì ṣì owó san, owó olówó ni ó ń dá padà fún olówó. Èsúsú ìbá dára, bí ó bá kan ẹni náà lóṣù yẹn.

Toyin Falola, nínú àpilẹ̀kọ tí ó gbé jáde nínú Journal of African History ní 1993, pe àkọlé rẹ̀ ní “My Friend the Shylock”. Ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá nínú gbólóhùn kan. Àkọlé náà tọ́, nítorí ayánilówó a máa tètè dáhùn, kì í sì í tú àṣírí, àfi bí gbèsè bá pẹ́. Ní ti òṣìṣẹ́ ìjọba, àṣírí yìí gan-an ni ohun ìdógò. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba ka kí òṣìṣẹ́ wọ gbèsè tí ó kọjá agbára rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè bá a wí lé lórí, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Lẹ́tà kan ṣoṣo sí ọ̀gá ọ́fíìsì ti tó láti mú akọ̀wé sáré wá owó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú fún àwọn tí ń túmọ̀ sọgúndogójì sí subprime nìyí. Akọ̀wé Yaba kì í ṣe ẹni tí kò ṣeé fọkàn tán. Owó oṣù rẹ̀ dájú, ọjọ́ tí yóò gbà á dájú, ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò fara sin, ẹ̀rù ọ̀gá sì ń bà á. Èlé tí ó ń san kò ga nítorí pé ewu pọ̀. Ó ga nítorí pé ó ń kánjú, nítorí pé ó fẹ́ àṣírí, àti nítorí pé kò sí ilẹ̀kùn mìíràn. Bí a bá gbé òun àti àgbẹ̀ tí ń ra aṣọ òṣómàáló sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé níbi tí ewu ti pọ̀, èlé kò hàn. Níbi tí èlé ti hàn, ewu kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé tí ó bá pe èkejì ní subprime ti gba ẹjọ́ ayánilówó rò fún un láìgba owó agbẹjọ́rò, nítorí ohun tí ó ń sọ ni pé ìwà ayáwó ni ó fa èlé náà.

5. Ọdún 2009

Àṣìlò kejì kan ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó sún mọ́ wa. Òṣùwọ̀n iye ìpín ní Nigerian Stock Exchange ti gòkè kọjá 66,000 ní oṣù kẹta 2008; ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ti já sí nǹkan bí 20,000. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2009, gómìnà báńkì àpapọ̀, Sanusi Lamido Sanusi, yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò, ó sì kó ₦420 bílíọ̀nù sínú àwọn báńkì náà. Àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn ní oṣù kẹwàá. Ọdún kejì ni a dá AMCON sílẹ̀ láti ra àwọn gbèsè tí ó ti di òkú.

Nítorí pé ó bá ti Amẹ́ríkà ṣe kòńgẹ́, ọ̀pọ̀ ìwé ni ó pè é ní wàhálà subprime ti Nàìjíríà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tí ó yá owó tí ó pọ̀ jù nínú gbèsè wọ̀nyí kì í ṣe òtòṣì tí ń kọ́lé. Ẹni ńlá ni wọ́n: àwọn tí báńkì yá lówó kí wọ́n fi ra ìpín, àwọn oníṣòwò epo rọ̀bì, àti àwọn tí wọ́n sún mọ́ àwọn ọ̀gá báńkì fúnra wọn. Lójú báńkì, prime ni gbogbo wọn. Ìyálọ́jà Sábó tí ó ń wá ₦50,000 ni báńkì kan náà ń béèrè onídùúró méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a wá pe gbèsè àwọn ẹni ńlá ní orúkọ tí a dá fún aláìní jẹ́ àìmọ ìtàn, ó sì tún jẹ́ àìṣòdodo.

6. Èmú tuntun

Ojú ọ̀nà Herbert Macaulay ní Sábó kan náà ni Co-Creation Hub fi ibùdó rẹ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010, tí orúkọ Yaba fi di mímọ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, owó-yíyá orí fóònù ti gba Èkó kan. Kò béèrè ìdógò, kò béèrè onídùúró, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni owó fi ń wọlé.

Ọjọ́ ni ó fi ń ka èlé. Bí ẹnì kan bá yá ₦10,000 tí ó sì san ₦11,500 lẹ́yìn ọjọ́ 14, ìdá 15 péré ni ó rí lójú fóònù. Bí a bá kà á lọ́dún bí òfin ti ń kà á, láìṣe èlé orí èlé, ìdá 390 ni. Ogún ti kọjá ogójì tipẹ́. Níbí ni sọgúndogójì àti ẹ̀yáwó abẹ́-òṣùwọ̀n ti pàdé nínú ohun kan náà, òǹkọ̀wé sì lè lo méjèèjì, bí ó bá ti jẹ́ kí ó yé òǹkàwé pé ọ̀kan ń sọ èlé, èkejì ń sọ irú ẹni tí a yá.

Ọ̀nà ìgbàpadà ni ó yẹ kí òpìtàn wò dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn áàpù wọ̀nyí a máa gba àṣẹ láti wo nọ́ńbà gbogbo tí ó wà nínú fóònù ayáwó. Bí ọjọ́ bá pé, wọn a fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá ìyàwó, sí pásítọ̀, sí ọ̀gá ibi iṣẹ́, pé olè ni ẹni náà. Àwọn tí a ń pè kò yá owó kankan, wọn kò sì dúró fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹjọ 2021, NITDA bu owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending lórí irú ìwà yìí. Ní oṣù kẹta 2022, FCCPC pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba mìíràn ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà, wọ́n sì gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ jáde nínú ọdún náà.

Àwọn báńkì ńlá náà ti rí èmú tiwọn, ṣùgbọ́n lábẹ́ àṣẹ. Láti oṣù kẹjọ 2020 ni báńkì àpapọ̀ ti fún wọn láyè láti tọ owó ajigbèsè dé inú àpò rẹ̀ ní báńkì mìíràn, nípasẹ̀ nọ́ńbà BVN tí ó so gbogbo àpò náà pọ̀. Owó ajigbèsè fúnra rẹ̀ ni èyí ń mú, kò mú ará ilé rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ti àwọn áàpù ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kí a gba ìdógò àti kí a rán ológò. Subprime kò ní ọ̀rọ̀ fún un, sọgúndogójì kò ní. Òṣómàáló fúnra rẹ̀ kò kúrò ní iwájú ilé ẹni tí ó ra aṣọ. Ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2023 ni òfin tuntun ti Google bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tí ó ka wíwo nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù ayáwó sí èèwọ̀ fún áàpù ayánilówó gbogbo.